Ìṣẹ́jú Mẹ́rin Lórí Orúnkún

Háà, Hájíà! Lónìí lẹ dá mi lóhùn kíákíá báyìí? Orúnkún mi ò tíì kan kápẹ́ẹ̀tì tán tí ẹ ti ń sọ pé "Dìde, aya wa, dìde, ó tó"? Ẹ ṣeun o. Ọlọ́run á jẹ́ kẹ́ ẹ pẹ́ fún wa. Ṣé ẹ mọ̀ pé ká ní irú ìdáhùn yìí lẹ fún mi ní Àlàmísì tó kọjá, a ò ní jókòó sí pálọ̀ yìí ká máa wo ara wa bí ẹni tó wá gbẹ́jọ́, ẹ ò ní fi ife sóbólò tútù sílẹ̀ níwájú yín kó máa lọ́wọ́ọ́wọ́, àbúrò yín náà ò sì ní sá lọ sí mọ́ṣáláṣí kí wọ́n tó pe ìrun. Rárá o, Bàbá Hafeezah ò sá. Wọ́n kàn rántí lójijì pé àwọn fẹ́ràn ìrun àkókò gan-an ni. Ọkọ tó bá bẹ̀rù Ọlọ́run tó báyìí, ó yẹ ká dúpẹ́.

Ẹ ní kí n jẹ́ kó tán? Kí ló fẹ́ tán, nígbà tí mi ò tíì bẹ̀rẹ̀? Wọ́n ní ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ a bá a dákẹ́. Ọdún mọ́kànlélógún ni mo ti fi dákẹ́ nínú ilé yìí. Ọjọ́ tí wọ́n mú mi wá láti Sakasaka, nínú Tamale níbí, wọ́n to gbogbo ẹ̀yin ọmọ ilé síwájú mi, àtàgbà àtọmọ ọwọ́, wọ́n ní ẹni yòówù tó bá ti wà nílé kí n tó dé, mi ò gbọdọ̀ porúkọ rẹ̀, ìkúnlẹ̀ ni mo sì gbọdọ̀ máa fi kí i. Mo gbà. Mo fún kálukú lórúkọ. Ẹ̀yin tó jẹ́ ẹ̀gbọ́n ọkọ mi pátápátá, ẹ tẹ́ẹ́rẹ́ nígbà yẹn, mo ní Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́. Ṣé mo yí i padà? Ẹ wo ara yín lórí àga yẹn, kí ẹ wo àga náà bó ṣe ń rọ́jú. Mo ṣì ń pè yín ní Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́. Ẹ wá ń sọ kiri àdúgbò yín ní Kanvili pé mi ò níwà.

Ẹ ò mọ ohun tí mò ń kà? Haba, Hájíà! Ẹ mọ̀ ọ́n o. Àbí ta ló jókòó níbi ìsọmọlórúkọ tó ń sọ fún gbogbo èèyàn pé "Ìyàwó àbúrò mi ń bá kọ̀ǹpútà sọ̀rọ̀ látàárọ̀, ó ní ilé ìwé lòún wà"? Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín, mo tún bá yín bu ẹran kún àwo. Ilé ìwé ni! Díplómà ni! Ọdún kẹrìndínlógún rèé tí mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ wẹ́ẹ́wẹ̀ẹ̀wẹ́ ní Kalpohin, tí mò ń nu ikun, tí mò ń tú okùn bàtà, tí mò ń kọ A B D sójú pátákó. Ọmọ tí mo kọ́ ti di nọ́ọ̀sì, ó ti fún mi lábẹ́rẹ́. Àfi bí Màdáámù tó ni ilé ìwé ṣe pè wá jọ lọ́dún méjì sẹ́yìn, ó ní òun ò fẹ́ olùkọ́ tí ò ní díplómà mọ́, pé bó bá di September ọdún yìí, ẹni tí ò bá ní in, kó yàn nínú méjì, kó máa gbálẹ̀ ọgbà tàbí kó máa lọ sílé ẹ̀. Bó ṣe sọ ọ́ nìyẹn, tẹ̀rín-tẹ̀rín, ó tún pín bísíkíìtì fún wa.

Èmi Latifa, ẹni ọdún mẹ́tàlélógójì, mo bá lọ forúkọ sílẹ̀ ní kọ́lẹ́ẹ̀jì orí íńtánẹ́ẹ̀tì. Mi ò rí ọgbà wọn rí. Mi ò mọ̀ bóyá wọ́n ní igi, mi ò mọ̀ bóyá wọ́n ní géètì. Gúúsù lọ́hùn-ún ni wọ́n wà, inú kọ̀ǹpútà la ti ń pàdé. Bí mo bá ti kírun àsùbáà tán, màá kàwé, kí n tó po kókò, ìyẹn ògì àárọ̀, fún àwọn ọmọ àbúrò yín. Bí iná bá lọ, tí kì í kúkú pẹ́ lọ, màá gbé kọ̀ǹpútà sábẹ́ apá, ó di ọ̀dọ̀ télọ̀ tó ń rán fúgù, ẹ̀wù òfì àwọn ará ìhín, torí ó ní jẹnẹrétọ̀. Màá jókòó sáàárín àkísà aṣọ, ẹ̀rọ ìránṣọ á máa pariwo sí mi létí ọ̀tún, olùkọ́ á máa sọ̀rọ̀ ọpọlọ ọmọ ọwọ́ sí mi létí òsì. Ọdún méjì! Ìdánwò mọ́kàndínlógún ni wọ́n kà sílẹ̀ fún wa, mo yege nínú méjìdínlógún. Ó ku ẹyọ kan. Ẹyọ kan péré, Hájíà mi, òun náà lẹ wá torí kúlà oúnjẹ dà rú mọ́ mi lọ́wọ́.

Mi ò pariwo. Bí ohùn mi ṣe rí nìyí. Ẹni tó ń kọ́ ọmọ ogójì nínú yàrá kan, ohùn wo lẹ fẹ́ kó ní?

Ẹ ní ẹ ò mọ̀ pé ó le tó bẹ́ẹ̀. Tò, ẹ jẹ́ n tún un sọ, bó tiẹ̀ jẹ́ pé ẹ̀ẹ̀kẹrin rèé. Ìdánwò orí kọ̀ǹpútà, kámẹ́rà ló ń ṣọ́ni. Ojú ẹni gbọ́dọ̀ wà nínú àwòrán látìbẹ̀rẹ̀ dópin. Èèyàn ò gbọdọ̀ dìde, kò gbọdọ̀ sọ̀rọ̀, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ wọlé tọ̀ ọ́. Wọ́n tiẹ̀ ní kí n kọ orúkọ gbogbo ẹni tó ń gbé nínú ilé ránṣẹ́ ṣáájú. Bí èèyàn bá sín, ẹ̀rọ ń kọ ọ́ sílẹ̀ pé ó sín. Wákàtí méjì péré! Ṣé mo fi pamọ́ fún yín ni? Mo pè yín ní Àtìní, ẹ ní Ọlọ́run á fàṣẹ sí i. Mo pè yín ní Àlàrùba, ẹ ní "Ṣebí o ti sọ ọ́, àbí ìwọ nìkan lo ń kàwé ní Tamale?" Mo wá kọ ọ́ sí pépà, mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ ilẹ̀kùn: Ìdánwò ń lọ lọ́wọ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má wọlé. Mo kọ ọ́ ní Yorùbá, mo kọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì, mo kọ ọ́ ní Hausa, mo bẹ aládùúgbò wa kó bá mi kọ ọ́ ní Dàgbánì. Èdè mẹ́rin! Ewúrẹ́ dé ibẹ̀, ó wo pépà, ó yà. Kí lẹ wá sọ fún àbúrò yín? Ẹ ní pépà ara ilẹ̀kùn kì í ṣe fún onílé. Ẹ ní ilé bàbá yín ni. Òótọ́ kúkú ni, ta ló jiyàn? Ilé bàbá yín ni, ilẹ̀kùn bàbá yín ni, bóyá kámẹ́rà náà wà lára ogún tí wọ́n fi sílẹ̀, mi ò mọ̀.

Ìbéèrè kejìlélọ́gbọ̀n ni mo wà. Wallahi, mi ò purọ́ mọ́ ẹnikẹ́ni, ẹ lè béèrè lọ́wọ́ wọn: "Kí ni ó yẹ kí olùkọ́ ṣe bí ọmọ bá já wọ kíláàsì láì kan ilẹ̀kùn?" Ìdáhùn mẹ́rin wà níbẹ̀. Mo ti ń gbọ́wọ́ lọ síbi èyí tó ní kó fi sùúrù kọ́ ọmọ náà. Ìgbà yẹn gan-an ni ilẹ̀kùn ṣí gbàgà.

Ẹ wọlé. Ẹ dúró. Ẹ ká apá méjèèjì mọ́ àyà. Mo fojú bẹ̀ yín, ẹ ò rí ojú. Mo mi orí díẹ̀, bí ẹni tí eṣinṣin bà lọ́rùn, ẹ ò rí eṣinṣin. Ẹ wá wúkọ́. Ikọ́ yẹn! Kò sí ìyàwó kan nínú ẹbí yìí tí ò mọ ikọ́ yẹn. Ó ti mú ìyàwó àbúrò yín mìíràn sáré jáde látinú balùwẹ̀ tòun ti ọṣẹ lójú. Kí lẹ fẹ́ kí n ṣe? Kí n jókòó gẹlẹtẹ sórí àga, kí ẹ̀gbọ́n ọkọ mi wà lóòró? Kí ilẹ̀ tó ṣú, ó ti dé Kanvili; kó tó di Jímọ̀, wọ́n ti gbọ́ ọ nílé lọ́hùn-ún ní Ọ̀yọ́ pé ìyàwó Ilyas ti kàwé dé ibi pé kì í kí èèyàn mọ́. Kí n tó rò ó tán, orúnkún ti ṣe tiẹ̀. Orúnkún tó ti ń kúnlẹ̀ fún ọdún mọ́kànlélógún, ṣé ó ń dúró gbàṣẹ ni? Mo ti wà nílẹ̀. Orí mi ti kúrò nínú àwòrán. Àga lásán ni kámẹ́rà ń wò.

Mo ní, "Ẹ káàárọ̀, Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ mi." Mo rò pé ẹ máa ní "Pẹ̀lẹ́ o," kí n fò padà sórí àga. Ta ló máa mọ̀? Màá ní bírò ló bọ́. Ẹ ò dáhùn. Ẹ ń wo fáànù. Mo ní ẹ kú oòrùn, ẹ kú ìrìn, Alhaji ńkọ́, àwọn ọmọ ńkọ́, ara ti le? Ẹ ń wo fáànù! Kí ló wà lára fáànù yẹn, Hájíà? Ẹ sọ fún mi, kí n lè máa wò ó náà. Ẹ sì mọ̀ pé ìyàwó kì í dìde bí wọn ò bá tíì dá a lóhùn, ẹ̀yin lẹ kọ́ mi, lọ́sẹ̀ tí mo wọlé, níbí yìí, ẹ fọwọ́ tẹ èjìká mi padà sílẹ̀. Àwọn Dàgòmbà tí a jọ ń gbé àdúgbò, àwọn náà ń lóṣòó kí àgbà. Àgbà á ní "Naa." Ó parí. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, oníkálukú á bá iṣẹ́ ẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n àwa tiwa tún níyì jù bẹ́ẹ̀ lọ, àwa máa ń kọ́kọ́ fìyà jẹni ná.

Ìgbà tí ẹ wá lanu, ọ̀rọ̀ dé! Ẹ ní ẹ ti ń kágò látìgbà yìí tí mi ò jáde wá pàdé yín. Ẹ ní ìwé tí ò bá kọ́ni níwà, kí wọ́n fi í dáná. Ẹ ní ìyá tó bí mi kọ́ mi ju báyìí lọ, ẹ mọ̀ ọ́n. Ẹ wàásù, mo wà nílẹ̀, agogo kọ̀ǹpútà ń dún lórí mi, ẹ tún bi mí pé kí ló ń dún bí aago olómi dídì yẹn. Lẹ́yìn gbogbo ẹ̀ lẹ wá ní kúlà lẹ wá gbà. Kúlà aláwọ̀ búlúù tí ẹ fi gbóúnjẹ wá nígbà Àwẹ̀. Kúlà tó wà níta! Lẹ́nu ilẹ̀kùn! Tí ẹ gbé ẹsẹ̀ kọjá lórí ẹ̀ kí ẹ tó wọlé!

Ẹ máa rẹ́rìn-ín. Èmi náà ìbá rẹ́rìn-ín, ká ní ẹlòmíì ni.

Mo padà sórí àga, kọ̀ǹpútà ti pupa láti òkè délẹ̀. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀: akẹ́kọ̀ọ́ kúrò lójú kámẹ́rà fún ìṣẹ́jú mẹ́rin àti ìṣẹ́jú-àáyá mọ́kànlá, a gbọ́ ohùn ẹlòmíràn, ta ló wọlé, kọ orúkọ rẹ̀. Ẹ gbọ́? Kọ orúkọ rẹ̀! Èmi tí mi ò fi orúkọ yín kan ètè láti ọdún tí mo ti dé. Mo kọ Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́. Wọ́n wo orúkọ àwọn ará ilé tí mo fi ránṣẹ́, wọ́n wò ó lókè, wọ́n wò ó nísàlẹ̀, kò sí Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́. Wọ́n ní ó ti yé àwọn: èèyàn tí mo háyà ni, tó wá ń sọ ìdáhùn fún mi ní èdè tí àwọn ò gbọ́. Ẹ̀yin! Kí ẹ máa sọ ìdáhùn fún mi! Ẹ jọ̀ọ́, ohun tí mo kọ nínú ìbéèrè mọ́kànlélọ́gbọ̀n àkọ́kọ́, ṣé ẹ lè bá mi tún un sọ? Wọ́n fún mi lódo. Wọ́n ní mo jí ìwé wò. Èmi tí mò ń jókòó ti ọmọ ọdún márùn-ún, tí mò ń sọ fún un pé wíwo ìwé ẹnìkejì ò dáa, èmi ni wọ́n kọ ọ́ sí lára. Yorùbá ní àgbà kì í wà lọ́jà kórí ọmọ tuntun wọ́. Àgbà wà níbẹ̀ o, lóòró gangan, pẹ̀lú apá kíká.

Ó dùn mí, Hájíà. Ẹ jẹ́ n yọ ẹ̀fẹ̀ kúrò nínú ẹ̀. Ó dùn mí wọnú egungun. Mo wọ balùwẹ̀, mo tú omi sínú báàfù kí Hafeezah má baà gbọ́, mo sunkún títí omi fi kún àkúnwọ́sílẹ̀. Ọdún méjì mi ni.

Kí lẹ wí? Ẹ ti tọrọ àforíjì? Nígbà wo? Áà, wàrà díndín tí ẹ fi ránṣẹ́ ní Jímọ̀! Èyí tí wọ́n ta ata sí! Ẹ má bínú, mi ò mọ̀ pé àforíjì ni, mo rò pé wàrà ni. Ó dùn. Gbogbo wa jẹ ẹ́. Kọ́lẹ́ẹ̀jì nìkan ni ò rí jẹ níbẹ̀.

Ẹ tún ní kí n ṣe é lọ́dún tó ń bọ̀. Ẹ kú àdúrótì o. Bí mo bá dúró dọdún tó ń bọ̀, ìgbálẹ̀ ló máa wà lọ́wọ́ mi. Àwọn ọmọ tí mo kọ́ lọ́dún yìí á máa kọjá, wọ́n á ní "Madam Latifa, good morning," èmi á máa gbá ìdọ̀tí ẹsẹ̀ wọn. Ẹ ti rò ó débẹ̀ yẹn? Ẹ ò rò ó débẹ̀.

Tò, mo kọ̀wé sí wọn. Ojú ìwé mẹ́ta ni mo fi ṣàlàyé ìkúnlẹ̀. Wọ́n fèsì pé àṣà wa wú àwọn lórí púpọ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀rí dà? Wọ́n ní ta ló máa kúnlẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́rin nítorí àtikí èèyàn káàárọ̀? Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ kọ ọ́ sí wọn pé kí wọ́n wá ṣe ìyàwó nílé wa. Wọ́n ní ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ìwé ni mo lọ ń kà lábẹ́ tábìlì. Ìgbìmọ̀ ẹlẹ́ni mẹ́ta máa jókòó lójú kámẹ́rà ní Àtàláátà tó ń bọ̀, ní aago mẹ́wàá àárọ̀. Bí ọ̀rọ̀ mi bá yé wọn, wọ́n á jẹ́ kí n tún ìdánwò kan ṣoṣo yẹn ṣe kó tó di September. Bí kò bá yé wọn, ó parí nìyẹn. Wọ́n sì ní kí n mú ẹlẹ́rìí wá, ẹni tó wọlé gan-an, kí àwọn lè fi ohùn rẹ̀ wé ti inú ẹ̀rọ.

Kí lẹ̀ ń mirí fún? Ẹ ò sọ̀rọ̀ lójú kámẹ́rà rí? Ẹ̀yin tí ẹ fi fídíò hàn wá nígbà Iléyá láti orí àgbò títí dé ìsàlẹ̀ ìkòkò, fún odidi ogójì ìṣẹ́jú? Gẹ̀ẹ́sì kẹ̀? Gẹ̀ẹ́sì tí ẹ fi ń bá àwọn oníbàárà jà lójoojúmọ́ ńkọ́? Òun náà ni kí ẹ mú wá. Wọ́n á ní kí n sọ orúkọ ẹlẹ́rìí mi, mo sì ti fi ránṣẹ́ nínú lẹ́tà kí wọ́n má baà tún wí pé kò sí nínú ìwé. Ummuhani. Ẹ wò ó, ó ti jáde lẹ́nu mi, àjà ò já lé wa lórí. Ummuhani! Orúkọ yín dùn-ún pè, ó mà ṣe o, ọdún mọ́kànlélógún mo ń pe Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́.

Ẹ gbà? Ẹ máa wá? Ẹ fi Kùránì búra? Alhamdulillah. Mo mọ̀ pé inú yín mọ́, ẹnu ni ò mọ́.

Ó wá ku ohun kan, ìlà tó kẹ́yìn nínú lẹ́tà wọn. Àbúrò yín ti kà á láàárọ̀, òun ni wọ́n ṣe ń kírun tí àkókò ẹ̀ ò tíì tó. Ẹ jókòó, ẹ má dìde, ẹ jẹ́ n túmọ̀ ẹ̀ fún yín bí wọ́n ṣe kọ ọ́. Wọ́n ní bí akẹ́kọ̀ọ́ bá fúnra ẹ̀ ṣe àfihàn, àwọn ò ní gbà á. Wọ́n ní kí ẹlẹ́rìí jókòó sórí àga náà, níwájú kámẹ́rà náà, kó fi ara rẹ̀ ṣe ohun tó rí tí akẹ́kọ̀ọ́ ṣe, kí akẹ́kọ̀ọ́ dúró síbi tí ẹlẹ́rìí dúró sí, kí àwọn fojú ara àwọn rí i bóyá orí máa kúrò nínú àwòrán, fún iye àkókò kan náà.

Kai, Hájíà, ẹ mu sóbólò díẹ̀. Ẹ rọra, ẹ má pa ara yín lára.

Astagfirullah, ta ló ní kí ẹ kúnlẹ̀ fún ìyàwó àbúrò yín? Kọ́lẹ́ẹ̀jì lẹ fẹ́ kúnlẹ̀ fún. Èmi kàn máa dúró lẹ́nu ọ̀nà ni, màá ká apá mọ́ àyà, bóyá màá wúkọ́ díẹ̀. Há há há! Ẹ má bínú, ẹ̀rín ló pa mí. Ẹ ti búra, Hájíà, Ọlọ́run gbọ́, sóbólò gbọ́. Aago mẹ́sàn-án àbọ̀ ni kẹ́ ẹ ti dé, kí ẹ wọ aṣọ tó tú, tí kò ní há yín lórúnkún. Bí ẹ bá ti wà nílẹ̀, kí ẹ kí mi dáadáa, kí ẹ béèrè àwọn ọmọ. Kí ẹ má sì fòyà pé mi ò ní dáhùn. Màá dáhùn. Bí ó bá ti pé ìṣẹ́jú mẹ́rin àti ìṣẹ́jú-àáyá mọ́kànlá, màá ní, "Pẹ̀lẹ́ o, ẹ dìde."